Ìpín Kẹrin

Maidelis fa fílàṣì náà yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń da nǹkan sínú rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì. Ó ti jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń wo ìlà aláwọ̀ ewé tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì jẹ́ kí ìpín kìíní, ìkejì àti ìkẹta wọlé ní àlàáfíà. Nígbà tí ìpín kẹrin dé ìdajì ló na ọwọ́, tó sì já fílàṣì gbà. Kọ̀ǹpútà kígbe kékeré kan pé nǹkan ti bàjẹ́. Maidelis pa á lẹ́nu mọ́, ó tún ki fílàṣì bọ ojú ihò rẹ̀, ó sì da ìpín karùn-ún àti ìkẹfà lé e lórí.

Ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò síbẹ̀ létòlétò. Orúkọ ìkẹrin pé, ìwọ̀n rẹ̀ pé, bẹ́ẹ̀ òfìfo ló wà nínú rẹ̀ láti ìdajì lọ. Ẹni tí kò bá gbìyànjú láti tú u kò lè mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, ta ni kò mọ̀ pé iná máa ń lọ nígbàkúgbà ní Placetas, ìlú wọn?

Níwájú ilé, Osniel, ọmọ kíláàsì Maidelis tó wá gba fílàṣì náà, jókòó sínú àga tó ń mì síwájú sẹ́yìn, ó ń mì í bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ló wà. Noraida, ìyá Maidelis, ti bu kọfí fún un nínú ife tí wọ́n fi ń ṣe àlejò. Ìyẹn tún dá kún inú tó ń bí Maidelis.

"Ṣé kọ̀ǹpútà rẹ ti sùn lọ ni?" Osniel ké sí i láti ìta. "Àbí kí n lọ wá ẹṣin tí yóò bá ọ fà á?"

Maidelis jáde, ó na fílàṣì sí i láìwo ojú rẹ̀. "Gbà. Ó ti pé. Máa lọ."

"O ṣeun, Ẹ̀dà," Osniel wí. Ó gbé ife kọfí sílẹ̀, ó kí Noraida tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó sì lọ.

Ká sọ tòótọ́, inú tó ń bí Maidelis kì í ṣe inú lásán. Kò tíì pẹ́ tí Profe Eloína, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn, ṣe ìdánwò láti yan àwọn ọmọ mẹ́ta tí yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ náà níbi ìdíje kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ní Santa Clara. Maidelis ló kọ́kọ́ parí. Ó dìde lọ mu omi. Kí ó tó padà, Osniel tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti da iṣẹ́ náà sórí fílàṣì, ó ti yí orúkọ orí rẹ̀ padà, ó sì ti gbé e lọ bá Profe. Nígbà tí Profe rí iṣẹ́ méjì tó jọra títí kan àṣìṣe kékeré tó wà nísàlẹ̀, ó bi wọ́n pé ta ló wo ti ta. Osniel fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé òun kò fẹ́ ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́, ṣùgbọ́n Maidelis ló wo tòun. Maidelis ní tirẹ̀ fi ariwo dáhùn. Ó pè é ní òpùrọ́, ó pè é ní olè, ó gbá tábìlì débi pé ṣọ́ọ̀kì fò lọ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn sì máa ń tètè gba ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀ gbọ́. Profe fi Osniel sí ipò kìíní, ó fi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yoandra sí ipò kejì, ó fi Maidelis sí ìkẹta, ó sì kìlọ̀ fún un lójú gbogbo kíláàsì.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń pè é ní Ẹ̀dà, bí ẹni tó ń da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ. Bí ó bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ẹnìkan á kùn ún lábẹ́ eyín, àwọn tó kù á sì rẹ́rìn-ín. Osniel ló sọ ọ́ lórúkọ náà.

Ìdíje yìí kì í ṣe eré fún Maidelis. Ẹni tó bá yege níbẹ̀, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún un ní yunifásítì nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì tí ìjọba ń pín fún ará ìlú láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì ní ẹnikẹ́ni lókè òkun tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Kọ̀ǹpútà tí Maidelis ní, ìbátan wọn kan ní Matanzas ló lò ó gbó kó tó fún un: bátìrì rẹ̀ ti kú, lẹ́tà méjì ti yọ lára pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì gba ẹrù púpọ̀. Òun náà nìyẹn, kò sí òmíràn. Àwọn tó ṣètò ìdíje sì ti sọ pé kí olúkúlùkù gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, kí gbogbo ohun tó fẹ́ lò ti wà lórí rẹ̀. Kò sí intánẹ́ẹ̀tì nínú gbọ̀ngàn náà, wọn kò sì ní dúró de ẹni tí kò bá múra.

Ohun tí wọ́n nílò náà kò pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó tóbi. Àkọ́kọ́ ni atúmọ̀, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Èkejì ni ibi ìkọ̀wé, ẹ̀kẹta sì ni ìwé ìlànà. Dátà fóònù kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Irú nǹkan báyìí, ẹnìkan ló máa ń gbé e wá nínú àpò láti ọ̀nà jíjìn, yóò sì máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí gbogbo ìlú yóò fi ní in. Evelio, ẹ̀gbọ́n Noraida tó ń wa ọkọ̀ èrò láti Havana, ló gbé e wá fún Maidelis. Wọ́n ti kó o sínú fódà kan, wọ́n sì gé e sí ìpín mẹ́fà kó lè rọrùn láti gbé kiri, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì gbọ́dọ̀ pé kí ó tó ṣeé tú.

Inú Profe Eloína dùn nígbà tó gbọ́. Ó ní kí Maidelis má gbàgbé àṣà ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà wọn.

"Fódà yìí kì í ṣe tìrẹ," ó sọ fún un. "Ó kàn ń gba ọwọ́ rẹ kọjá ni. Bó ṣe dé ọwọ́ rẹ ni kó ṣe kúrò níbẹ̀."

Maidelis tú ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó gbé atúmọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó gbé ibi ìkọ̀wé tẹ̀lé e. Nígbà tó kọ́kọ́ dán an wò, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ atúmọ̀. Ó ka ìwé ìlànà títí ó fi rí i pé ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí yóò ti máa wá atúmọ̀ náà. Ó lọ sínú ètò rẹ̀, ó kọ ojú ọ̀nà náà síbẹ̀, ó pa á, ó tún tàn án. Ó kọ ètò kékeré kan tó ní kí kọ̀ǹpútà kí ìyá òun. Kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ síta: *Ẹ káàárọ̀, Noraida.* Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Osniel wá, tó sọ pé Profe ní kí òun wá gba fódà. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Maidelis rò pé Osniel fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lò ó. Ó rò ó pé Osniel yóò dé Santa Clara pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tuntun rẹ̀ tí kò ní lè ṣe nǹkan kan, tí ojú yóò tì í bí ojú ṣe ti òun. Èrò náà dùn mọ́ ọn, ìyẹn ló sì mú kó já fílàṣì gbà ní ìdajì ìpín kẹrin. Nígbà tí Osniel lọ tán, ó pa fódà náà rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí pé àyè kò sí, Evelio sì gba ohun ìkó-nǹkan-sí rẹ̀ padà lọ sí Havana.

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, Maidelis ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kíkan-kíkan. Bí iná bá ti dé báyìí, ìdí kọ̀ǹpútà ló wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ Santa Clara, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó tún dé, gbogbo rẹ̀ láàárín ìgbà tí ènìyàn lè fi bẹ èso ọsàn kan. Kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì kò lè fara da irú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó kọ ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀, ó sì dákẹ́. Maidelis fi ìkúùkù lu tábìlì. Ó bú iná, ó bú kọ̀ǹpútà, ó bú ìbátan Matanzas tó fún un ní òkú ẹrù. Ọkùnrin aládùúgbò kan bá wọn tún ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ gbé sórí rẹ̀, ó sì tan, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti mọ́ féfé. Kò sí atúmọ̀, kò sí ibi ìkọ̀wé, kò sí iṣẹ́ kankan tó ti ṣe. Evelio kò sì ní padà dé kí ìdíje tó wáyé.

Ó lọ bá Yoandra ní ilé ẹ̀kọ́. Ó rò pé bí nǹkan ṣe máa ń tàn kálẹ̀, Yoandra yóò ti rí fódà náà gbà láti ibòmíràn. Yoandra jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi gúáfà sí láàárín. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, abúlé tó wà lẹ́bàá ilé iṣẹ́ ṣúgà tí wọ́n ti pa tì ló ti ń wá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló sì ń wọ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀.

"Ó wà lọ́wọ́ mi," Yoandra sọ, "ṣùgbọ́n má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Kò ṣí fún mi rí. Ibi ìpín kẹrin ló máa ń kú sí."

Maidelis mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bi í léèrè ẹni tó fún un.

"Osniel ni. Profe ló rán an kó gbà á lọ́wọ́ rẹ, kó dà á fún gbogbo ẹgbẹ́, torí pé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ yára. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Kí ló dé tí o ò wá sọ fún mi pé kò ṣí?"

"Mo sọ fún Osniel. Ó ní ti òun ń ṣiṣẹ́, ó ní kọ̀ǹpútà mi ló ti gbó. Mo sì mọ̀ pé tìrẹ náà ń ṣiṣẹ́, mo wá gbà pé tèmi ló bàjẹ́ lóòótọ́."

Ó wá sọ ìyókù. Kọ̀ǹpútà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fi í sílẹ̀ fún un kó tó kọjá sí Ecuador, bàbá rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Yoandra bẹ bàbá náà títí ó fi jẹ́ kí wọ́n gbé e fún alátùn-únṣe kan ní ìgboro. Alátùn-únṣe tú u palẹ̀, kò sì mọ bí yóò ṣe tò ó padà. Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà kò tan mọ́. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ láti àná. Yoandra ní òun yóò sọ fún Profe pé òun kò lọ sí Santa Clara mọ́.

Maidelis ní, "Pẹ̀lẹ́." Ó dìde, ó sì lọ.

Ó délé pẹ̀lú ìbínú tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ sì forí lé Osniel. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ilé ìdáná, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òpùrọ́ ni ọmọ náà látòkèdélẹ̀, pé Yoandra lọ bá a, ó sì purọ́ fún un pé ti òun ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí bó ṣe lè ṣiṣẹ́. Noraida ń ṣa ìrẹsì lórí tábìlì. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́?"

Maidelis kọjú sí fèrèsé. Ìyá rẹ̀ tún bi í, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Nígbà náà ni ọmọ náà sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, láti orí ìlà aláwọ̀ ewé títí dé abẹ́ igi. Ó tún sọ ohun tí Osniel ṣe níbi ìdánwò, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò dá a láre.

"Mo mọ ohun tó ṣe ọ́," Noraida wí. "Bí inú ṣe bí ọ, inú bí èmi náà. Mo fẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀ níjọ́ náà, ìwọ lo ní kí n má lọ. Ṣùgbọ́n mò ń bu kọfí fún ọmọ ọlọ́mọ ní iwájú ilé mi, ìwọ wà nínú yàrá, ò ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ba nǹkan jẹ́. Evelio gbé nǹkan yẹn láti Havana, ó gbé e lé itan kó má baà gbá nǹkan. Ìyẹn lo fi ṣe èyí."

"Màámi, Osniel ni mo—"

"Má pe Osniel fún mi. Ta ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú? Ta ni bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀?" Noraida ti abọ́ ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lọ wá fódà tó pé. Ibi yòówù kó wà, lọ wá a. Lẹ́yìn náà kí o gbé e lọ bá Yoandra, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe. Bí o kò bá lọ, èmi yóò lọ."

Gbogbo ẹni tó ní fódà náà nínú ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ Osniel ni wọ́n ti gbà á. Kò sí ibi tí Maidelis lè lọ àfi ilé rẹ̀. Osniel jáde sí i pẹ̀lú ẹ̀rín, ó bi í bóyá ó wá wo iṣẹ́ òun ni. Maidelis gbé ẹ̀gàn náà mì. Ó ní òun gbọ́ pé tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó bi í bó ṣe rí i ṣe.

"Tèmi ti wà lórí kọ̀ǹpútà mi tipẹ́," Osniel dáhùn. "Tampa lókè òkun ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, irú fódà yìí kan náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tìrẹ yẹn, mi ò tilẹ̀ ṣí i wò. Mo kàn dà á fún wọn ni, bí Profe ṣe wí."

Ìyẹn ni pé gbogbo ìyà tí Maidelis fi pamọ́ dè é, kò tilẹ̀ kàn án lára. Ó ju òkò sí i, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló bà. Ó sọ fún Osniel ohun tí òun ṣe, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà béèrè fódà. Osniel bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gé.

"Èmi lo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún?"

"Ìwọ ni. O mọ ìdí rẹ̀."

Osniel yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lọ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde, ó da fódà sórí fílàṣì Maidelis, ó dúró kí gbogbo rẹ̀ pé, ó sì tú u wò lójú rẹ̀, ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Ó pé," ó wí. "Má lọ sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fún ọ ní èyí tí kò pé, bí o ṣe ṣe fún mi." Ìyẹn dun Maidelis ju gbogbo orúkọ tí wọ́n ti ń pè é lọ. Bí kò bá jẹ́ nítorí Yoandra ni, ó lè sọ fílàṣì náà lù ú lójú.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ sí abúlé náà, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan. Bàbá Yoandra ń tún ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ṣe lẹ́yìn ilé. Ó fi orí dá ìkíni rẹ̀ lóhùn. Nínú ilé, Maidelis kò jókòó. Ó sọ ohun tó ṣe ní òòró, kò fi Osniel sí i. Ojú Yoandra kọ́kọ́ rí bí ojú ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ó pọ́n. Kò sẹ́ni tó ti rí Yoandra nínú ìbínú rí.

"O jókòó tì mí lábẹ́ igi," ó wí. "O gbọ́ ohun tí mo sọ nípa bàbá mi. O ní pẹ̀lẹ́, o sì lọ."

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa—"

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ní o wo iṣẹ́ Osniel, mo lọ bá Profe nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Mo ní mo mọ̀ ọ́, pé o kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo lọ, Maidelis. Kò sẹ́lòmíràn. Èmi gan-an lo wá ṣe báyìí."

Maidelis yọ fílàṣì jáde nínú àpò. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tú ìpín kìíní, ìkejì, ìkẹta. Àwọn méjèèjì ń wo ìkẹrin títí ó fi kọjá. Ó gbé atúmọ̀ àti ibi ìkọ̀wé sórí rẹ̀, ó kọ ojú ọ̀nà síbi tó yẹ, ó pa á, ó tún tàn án, ó sì ti kọ̀ǹpútà síwájú Yoandra. Yoandra kọ ètò kékeré kan. Ó ṣiṣẹ́.

"Gbé e lọ sí Santa Clara," Maidelis wí.

Yoandra fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra. "Mo gbà á, torí pé mo fẹ́ lọ. Má rò pé inú mi ti yọ́ sí ọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Maidelis dìde nínú kíláàsì, ó sì tún un sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan jà pẹ̀lú ìpín kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀kan ní òun ti nu gbogbo àwòrán ìyá òun àgbà tó ti kú kúrò lórí kọ̀ǹpútà nítorí pé òun rò pé àyè ni kò tó. Profe Eloína kò pariwo. Ó fa orúkọ Maidelis yọ kúrò lára àwọn tó ń lọ sí Santa Clara, ó ní ẹni tó bá ba nǹkan àjọlò jẹ́ kò lè ṣojú àjọ.

"Profe," Maidelis wí, "mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìdánwò yẹn, èmi ni mo kọ ọ́. Osniel ló wo tèmi."

Profe gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ṣeé ṣe," ó wí. "Ká ní àná lo sọ ọ́ báyìí, láìpariwo, ǹ bá pe ẹ̀yin méjèèjì kí ẹ tún un kọ lójú mi. Lónìí, o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé o lè fi òfìfo sínú nǹkan kó sì dà bíi pé ó pé. Kí lo fẹ́ kí n fi gbà ọ́ gbọ́?"

Maidelis bojú wo Osniel. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí Osniel sọ. Osniel ń wo bàtà rẹ̀, kò sì gbé orí sókè títí aago fi lù. Inú bí Maidelis gan-an, ṣùgbọ́n kò gbá tábìlì.

Yoandra àti Osniel lọ sí Santa Clara, wọ́n sì padà. Yoandra ṣe dáadáa ju Osniel lọ, ó sì rí àyè yunifásítì. Nígbà tó dá kọ̀ǹpútà padà, fódà náà nìkan ló wà lórí rẹ̀, gbogbo ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Mo tú u wò kí n tó gbé e fún ọ," ó wí. "Ó pé." Kò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó tún jókòó pọ̀ sábẹ́ igi, wọn kò sì bá ara wọn ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Evelio tún gbé fódà mìíràn wá láti Havana, àwọn ìbéèrè ìdíje àtẹ̀yìnwá ló kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wá gbà á. Lọ́jọ́ kan, Osniel náà dé pẹ̀lú fílàṣì lọ́wọ́, ó sì jókòó sínú àga kan náà. Kò pe Maidelis ní Ẹ̀dà, kò sì sọ òtítọ́ tó yẹ kó sọ. Noraida bu kọfí fún un, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tó bá wá sílé.

Nínú yàrá, Maidelis jókòó ti kọ̀ǹpútà. Inú ṣì ń bí i sí Osniel, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ìbínú náà. Ohun tó ti wá yé e ni pé ìbínú tó tọ́ kò sọ ohun tí kò tọ́ di títọ́, àti pé ohun tí ènìyàn bá bà jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí. Yóò kọjá lọ bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, yóò sì gba orúkọ rere ẹni tó bà á jẹ́ lọ. Ó wo ìlà aláwọ̀ ewé náà bó ṣe ń gùn. Ìpín kẹrin dé ìdajì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó dúró títí gbogbo rẹ̀ fi pé, ó tú u wò, ó sì gbé fílàṣì náà jáde fún Osniel.